Ohùn Tíṣà Ajíléye

"Irọ́ ni! Irọ́ gbuu ni o ń pa!"

Màmá bọ́ bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ kan, ó sọ ọ́ lu ògiri. Bàtà náà ba ọkùnrin tó wà nínú ògiri níkùn, ó sì jábọ́ sílẹ̀. Ọkùnrin náà kò tilẹ̀ mira. Ó ṣì ń rẹ́rìn-ín músẹ́, agbádá ọrùn rẹ̀ ń dán yinrinyinrin bí ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà jáde lódò, ó sì ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

"Ọmọ mi ọ̀wọ́n, Ọlọ́run kò bí tálákà. Ẹni tó bá ṣì ń tòṣì, òun ló fẹ́ bẹ́ẹ̀. Gbin irúgbìn ìgbàgbọ́ rẹ lónìí, kí àárọ̀ ọ̀la tó mọ́, wàá ká a."

"Ta ni ọmọ ẹ?" Màmá tún ké. "Ajíléye tó gbé ogójì ọdún nínú ilé oníyàrá méjì? Tó ń gbé abọ́ sábẹ́ òrùlé tó ń jò nínú pálọ̀? Òun ló ní Ọlọ́run kò bí tálákà?"

Fadérera yọjú láti ilé ìdáná, ife tíì méjì ló wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Ògiri amóhùnmáwòrán yìí kì í ṣe tiwa. Àdúgbò ló ni ín. Bí ẹ bá fọ́ ọ, wọ́n á wá bi wá."

"Kí wọ́n wá. Màá bi àwọn náà."

Fadérera ì bá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ohùn tó ń ti inú ògiri jáde kò jẹ́. Ohùn bàbá rẹ̀ ni, ohùn tó há díẹ̀, tó máa ń fa "ọ̀wọ́n" gùn bí ẹni ń fa okùn kànga. Ojú ni kì í ṣe ojú bàbá rẹ̀. Tíṣà Ajíléye ti pé ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin kó tó kú, ọdún mẹ́jọ rèé. Ọkùnrin inú ògiri yìí kò ju ogójì ọdún lọ, kò ní ewú kan lórí, kò sì sí àmì ìlà Ẹ̀fọ̀n lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

Òrùka ìka Fadérera gbọ̀n. Ohùn tín-ín-rín kan jáde nínú rẹ̀: "Fadérera Ajíléye, àkọ́bí. Òní ni ìjẹ́rìí ọdọọdún yín lábẹ́ Òfin Ohùn Òkú. Ẹ ó wá síwájú ògiri ńlá ní aago méjìlá ọ̀sán, ẹ ó sì sọ bóyá ohun tí bàbá yín lè sọ ni ohùn rẹ̀ ń sọ. Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Bí ẹ kò bá wá, a ó kà á sí bẹ́ẹ̀ ni."

"Mo ti gbọ́," ni Fadérera wí fún òrùka náà.

Màmá jókòó, ó gba tíì rẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ kọ́ lo máa sọ, àbí?"

Ẹnìkan ń kan ilẹ̀kùn.

Màmá Bọ̀sẹ̀dé ni, aládùúgbò wọn. Ó wọlé tòun ti ẹ̀rín, ọwọ́ rẹ̀ kan wà lórí. "Ẹ kú àárọ̀ o, Màmá Tíṣà. Mo ní kí n wá bá Fadérera kó tó sọ̀kalẹ̀ lọ. Bá mi kí Tíṣà. Sọ fún wọn pé mo ti ṣe gbogbo ohun tí wọ́n ní kí n ṣe. Mo ti fi àwọn ewúrẹ́ mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbin irúgbìn."

Kò sí ẹni tí kò mọ ìtàn ewúrẹ́ wọ̀nyẹn ní òkè Ẹ̀fọ̀n. Òfin ti pàṣẹ pé kí gbogbo ewúrẹ́ máa wọ ìlẹ̀kẹ̀ tó ń sọ̀rọ̀ bí ó bá ti ṣìnà. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ Ilé Ìbùkún-Kò-Lópin, àwọn tó ń darí ohùn Tíṣà nínú ògiri, wá kó ewúrẹ́ Màmá Bọ̀sẹ̀dé, ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń pariwo títí wọ́n fi dé ìsàlẹ̀ òkè: "Mo ti kúrò nílé! Ẹ pe Màmá Bọ̀sẹ̀dé! Mo ti kúrò nílé!" Àwọn ọmọdé rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Fadérera náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò dùn mọ́ ọn nínú.

"Orí ń fọ́ yín ni?" ó bi obìnrin náà.

"Ó ń fọ́ mi díẹ̀díẹ̀. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni mo dá dúró. Tíṣà ní ẹni tó ti gbin irúgbìn kì í tún gbé oògùn mì, pé àìgbàgbọ́ ni."

Màmá gbé ife sílẹ̀. "Tíṣà wo?"

"Tíṣà wa náà ni." Ojú Màmá Bọ̀sẹ̀dé mọ́lẹ̀ kedere. "Bó bá jẹ́ àwọn oníwàásù inú ògiri yòókù ni, ṣé mo lè gbà? Ṣùgbọ́n Tíṣà ló sin ọkọ mi. Tíṣà ló gbé Bọ̀sẹ̀dé lọ́wọ́ lọ́jọ́ ìrìbọmi. Kò purọ́ fún mi rí."

Màmá Bọ̀sẹ̀dé dágbére, ó lọ. Lẹ́yìn náà Màmá dìde, ó lọ gbé fìlà ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, èyí tó ní òdòdó aláwọ̀ elése àlùkò.

"Èmi náà ń bá ọ lọ," ó wí.

Ọkọ̀ okùn, tí okùn irin gbé rọ̀ sókè igbó láti orí òkè Ẹ̀fọ̀n lọ sí pẹ̀tẹ́lẹ̀, kì í yára. Fadérera fúnra rẹ̀ ló ń tún un ṣe láti ogún ọdún. Ó mọ ìró kọ̀ọ̀kan tó ń ti ara okùn náà jáde. Àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ kí i ní ibùdókọ̀: "Ẹ̀ńjíníà, ẹ kú ìmúra o!" Wọ́n mọ̀ pé gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ló máa wò ó lọ́sàn-án yẹn.

Àwọn méjì péré ló wà nínú ọkọ̀. Igbó ń kọjá lábẹ́ wọn, ìkùukùu ṣì wà lórí igi.

"Èmi ni mo fa gbogbo rẹ̀, Màmá," ni Fadérera wí.

"Báwo?"

"Èmi ni mo gbà á láyè. Nígbà tí Bàbá kú, ilé iṣẹ́ rédíò kékeré inú ìlú wa ló wá bẹ̀ mí. Wọ́n ní àwọn arúgbó ń fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀. Wọ́n á kàn máa fi í ka Sáàmù láàárọ̀, wọ́n á máa fi gbàdúrà fún aláìsàn. Ó dára bẹ́ẹ̀, àbí kò dára?"

"Ó dára. Mo máa ń gbọ́ ọ."

"Ní ọdún tó kọjá, Ilé Ìbùkún ra rédíò náà. Wọ́n pè mí fún ìjẹ́rìí. Okùn ọkọ̀ kan ti já lọ́jọ́ yẹn, èrò méje ló so rọ̀ sójú ọ̀run. Mo wà lórí àkàsọ̀, n kò lè lọ síwájú ògiri; mo sáré sọ 'bẹ́ẹ̀ ni' sínú òrùka, n kò tilẹ̀ gbọ́ ohun tí wọ́n ti sọ ọ́ dà. Ọ̀rọ̀ kan péré, Màmá. Látìgbà náà ni wọ́n ti ń fi ẹnu Bàbá sọ ohun tó wù wọ́n."

Màmá fi ọwọ́ rẹ̀ tó gbẹ bí ewé dì í lọ́wọ́ mú. "O yọ èrò méje?"

"Gbogbo wọn."

"Bàbá rẹ ì bá ti dáríjì ọ́ kó o tó sọ̀kalẹ̀ lórí àkàsọ̀. Lónìí wàá sọ bẹ́ẹ̀ kọ́, ó parí."

"Kò parí bẹ́ẹ̀." Èyí gan-an ni kò jẹ́ kí Fadérera sùn dáadáa láti ọ̀sẹ̀ méjì. "Bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀ kọ́, òfin ní kí wọ́n pa ohùn náà rẹ́ pátápátá, kí ẹnikẹ́ni má bàa tún rí i lò. Kì í ṣe ti Ilé Ìbùkún nìkan. Èyí tó wà nílé náà, Sáàmù tẹ́ ẹ máa ń gbọ́ ní ìdájí."

Ọkọ̀ kọjá lórí òpó kan, ó mì díẹ̀.

"Ìgbà tó hú ikọ́ láàárín Sáàmù kẹtàlélógún," Màmá wí, "tó wá ní 'ẹ má bínú', bí ẹni pé Dáfídì ló ń bẹ̀. Ikọ́ yẹn náà?"

"Ikọ́ yẹn náà, Màmá."

Màmá yíjú sí fèrèsé. Ó tún òdòdó orí fìlà rẹ̀ ṣe lẹ́ẹ̀mejì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ohun tó ṣe é.

Ilé Ìbùkún-Kò-Lópin tóbi ju ọjà lọ. Dígí ni ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló sì tutù nínú bí àárọ̀ ọyẹ́. Ọ̀gbẹ́ni Bádéjọ, alábòójútó àwọn ohùn, dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Màmá. Ọ̀dọ́kùnrin ni, kì í ṣe ẹni tí èèyàn lè tètè kórìíra. Ẹ̀wù ọrùn rẹ̀ jẹ́ irú èyí tó ń yí àwọ̀ padà bí inú ẹni tó wọ̀ ọ́ ṣe rí. Ní àkókò yẹn, àwọ̀ ewéko tútù ló ń bẹ lára rẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, Màmá wa. Ẹ̀ńjíníà, ẹ káàbọ̀. Ẹ wá wo Bàbá."

Ní àárín gbọ̀ngán, ògiri kan ga tó igi ìrókò. Tíṣà Ajíléye dúró nínú rẹ̀, ó ń dúró dè wọ́n.

Màmá wò ó sókè, ó wò ó sílẹ̀. "Ta ló tún eyín rẹ̀ ṣe?"

"Màmá?"

"Àlàfo kan wà ní iwájú eyín rẹ̀. Ibẹ̀ ló máa ń gbà súfèé. Ta ló dí i?"

Bádéjọ rẹ́rìn-ín. "Àwọn òǹwòran fẹ́ràn eyín tó dọ́gba ni, Màmá." Ó wá sún mọ́ wọn, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí ń ká yín lára. Ìdí nìyí tí Ilé wa fi fẹ́ ṣe yín lóore. Bí Ẹ̀ńjíníà bá jẹ́rìí tán, a ó fún Màmá ní Bàbá tiwọn, nínú ògiri tiwọn. Kì í ṣe Sáàmù nìkan. Bí ẹ bá pè é, á dá yín lóhùn. Á máa bi yín bí ẹ ṣe sùn. Títí ọjọ́ ayé yín, ẹ kò ní dá wà mọ́."

Fadérera wo ojú ìyá rẹ̀. Ó rí i pé ọ̀rọ̀ náà wọlé. Ó ti pẹ́ tí Màmá ti ń dá oúnjẹ jẹ lọ́sàn-án. Ẹ̀rù ba Fadérera, nítorí ó mọ̀ pé bí ìyá rẹ̀ bá ní òun fẹ́, òun kò ní lè sọ bẹ́ẹ̀ kọ́.

"Á dá mi lóhùn?" Màmá bèèrè.

"Ohunkóhun tẹ́ ẹ bá bi í."

Ní àkókò yẹn ni akọ̀wé ìjọba wọlé, obìnrin kan tó gbé àpótí fàdákà kékeré lọ́wọ́. Ó gbé e kalẹ̀, iná pupa tàn lára rẹ̀. "Aago méjìlá ti lù. Gbogbo ògiri ló ń wò yín báyìí. Kí àkọ́bí tó dáhùn, òfin gbà kí ẹbí bi ohùn náà ní ìbéèrè kan. Ọ̀pọ̀ kì í béèrè."

"Èmi máa béèrè," ni Màmá wí.

Bádéjọ fẹ́ sọ̀rọ̀, akọ̀wé sì gbé ọwọ́ sókè. Màmá rìn lọ síwájú ògiri. Ó kéré níwájú rẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n rán lọ sọ́dọ̀ ọba.

"Tíṣà," ó wí. Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n.

Ọkùnrin inú ògiri bojú wolẹ̀ wò ó. "Ìyàwó mi ọ̀wọ́n. Mo ń gbọ́."

Màmá di ojú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan. Ó tún là á. "Nígbà tí àbúrò Fadérera kú mọ́ wa lọ́wọ́, ọmọ ọdún méjì, kí lo sọ fún mi?"

Ẹ̀rọ náà kò jáfara rárá. "Mo sọ fún ọ pé ìgbàgbọ́ rẹ ló kéré, ọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n kí o má ṣe sunkún. Gbin irúgbìn sí ojú ọgbẹ́ náà, Olúwa yóò sì san án fún ọ ní ìlọ́po méje."

Ẹ̀wù Bádéjọ ti di àwọ̀ eérú.

Màmá mi orí, bí ẹni tó tọ́ ọbẹ̀ wò tó sì ti mọ ohun tí kò pé níbẹ̀. Ó yíjú kúrò lọ́dọ̀ ògiri, ó kọjú sí àpótí oníná pupa.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wò mí nílé, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí Tíṣà sọ. Kò sọ nǹkan kan. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi jókòó tì mí lórí ẹní, kò la ẹnu. Ó fọ abọ́. Ó se àsáró. Ọkùnrin náà kò mọ oúnjẹ í sè. Iyọ̀ tó dà sínú àsáró yẹn tó láti sọ odò di òkun. Ó ń sunkún, ó ń ro àsáró. Nígbà tó di ọjọ́ Ìsinmi, ó gun orí àga ìwàásù. Ó ní, 'Ará, n kò mọ ìdí tí ọmọ mi fi kú. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé òun mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo mọ̀ ni pé Jésù dé ibojì ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sunkún kó tó ṣe ohunkóhun. Ó ń bá wa sunkún. Ìyẹn tó mi láti gbé títí di ọ̀la.' Ó sì sọ̀kalẹ̀. Ìwàásù náà kò gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Ó nu imú rẹ̀.

"Ẹni tí ẹ ń gbọ́ lónìí kì í ṣe ọkọ mi. Màmá Bọ̀sẹ̀dé, bí o bá ń gbọ́ mi, lọ lo oògùn ẹ. Báyìí báyìí. Tíṣà gan-an lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fún ọdún méjìlá, ó sì máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run kó tó gbé e mì."

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn gbọ̀ngán, ó yára fi ọwọ́ bo ẹnu. Akọ̀wé yíjú sí Fadérera. "Àkọ́bí. Ṣé ohun tí bàbá yín lè sọ ni?"

Fadérera wo ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ mi orí fún un, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, pé kó sọ ọ́. Fadérera rántí ikọ́ ìdájí, àti "ẹ má bínú" tó ń tẹ̀ lé e.

"Bẹ́ẹ̀ kọ́," ó wí. Lẹ́yìn náà ó tún un wí sókè, kí ó lè dé ibi tí "bẹ́ẹ̀ ni" ọdún tó kọjá dé. "Bẹ́ẹ̀ kọ́! Mo ṣì í sọ nígbà kan. Ẹ foríjì mí."

Akọ̀wé tẹ orí àpótí náà. Ògiri ńlá ṣókùnkùn. Kò sí ariwo, kò sí ìdágbére. Ó kàn dákẹ́.

Bí wọ́n ṣe ń jáde, Bádéjọ tẹ̀ lé wọn dé ẹnu ọ̀nà. Fadérera rò pé ó fẹ́ bú wọn. Ó dúró, ó ń fọwọ́ ra orí.

"Màmá," ó wí nígbẹ̀yìn, "àsáró yẹn. Ṣé ẹ jẹ ẹ́?"

"Mo jẹ ẹ́ tán," ni Màmá dáhùn. "Mo tún lá abọ́."

Ọ̀dọ́kùnrin náà tún dọ̀bálẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ó pẹ́ díẹ̀ kó tó dìde.

Nígbà tí Fadérera jí ní ìdájí ọjọ́ kejì, ìdákẹ́jẹ́ ló jí i. Ó sáré lọ sí yàrá ìyá rẹ̀. Màmá ti jókòó lórí ibùsùn, ó ń rọ́jú wo ìwé Sáàmù nínú ìmọ́lẹ̀ fèrèsé.

"Ọ̀rọ̀ yìí kéré jù," ó ráhùn. "Jókòó kó o kà á fún mi. Má kà á kíákíá bí ẹni ń lé ọkọ̀."

Fadérera jókòó, ó kà á. Nígbà tó kà á tán, Màmá ní ohùn rẹ̀ kò dà bíi ti Bàbá rárá, pé ó tilẹ̀ dára bẹ́ẹ̀, kó máa bọ̀ lọ́la.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ṣọ́ọ̀ṣì kékeré orí òkè kún dé ìta. Láti ọdún tí ògiri ti ń wàásù fún oníkálukú nínú ilé rẹ̀, èèyàn mẹ́sàn-án ló máa ń wá. Lọ́jọ́ yẹn wọ́n gbé àga láti ilé wá, àwọn kan jókòó lórí òkúta. Màmá Bọ̀sẹ̀dé wà ní iwájú pátápátá. Màmá ti dúró tì í láàárọ̀ títí ó fi gbé oògùn rẹ̀ mì. Wọ́n kọrin tán. Wọ́n tún kọ òmíràn. Lẹ́yìn náà, gbogbo ojú wá ń wo ara wọn, nítorí kò sí oníwàásù.

"Fadérera," ni Màmá wí, kò tilẹ̀ rẹ ohùn sílẹ̀, "dìde."

"Màmá, okùn ọkọ̀ ni mo mọ̀ ọ́n tún ṣe!"

"Bàbá rẹ náà, bàtà ló ń tún ṣe kí wọ́n tó ní kó wàásù. Dìde."

Ó dìde. Gírísì ṣì wà lábẹ́ èékánná rẹ̀. Ó dé iwájú, ó di igun tábìlì mú, ó wo àwọn tó mọ̀ ọ́n láti kékeré, àwọn tó ti bínú sí i àti àwọn tí kò bínú.

"Ará," ó bẹ̀rẹ̀, "n kò ní nǹkan kan tí mo fẹ́ ṣe ìlérí rẹ̀ fún yín láàárọ̀ yìí."

"Àmín!" ni Màmá Bọ̀sẹ̀dé ké tagbáratagbára, nítorí bó ṣe ti mọ́ ọn lára láti máa dá ògiri lóhùn nìyẹn.

Ṣọ́ọ̀ṣì dàrú fún ẹ̀rín. Màmá rẹ́rìn-ín títí fìlà rẹ̀ fi bọ́ sílẹ̀. Màmá Bọ̀sẹ̀dé fi ìborùn bo ojú, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n, òun náà ń rẹ́rìn-ín. Fadérera dúró títí tí wọ́n fi rẹ́rìn-ín tẹ́rùn, ó nu ojú rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀.